Ítálì Tí Mo Tẹ̀ Sínú Bàtà Muṣin

Bàtà ọmọ ilé ìwé ló wà lórí itan mi nígbà tí ìpè yẹn wọlé. Mo ń tẹ Ítálì sínú wọn.

Bí a ṣe máa ń ṣe é nìyí. Irin kékeré kan wà tí wọ́n gbẹ́ lẹ́tà sí lójú. Màá gbé e lé iná èédú, torí iná mànàmáná ò ṣeé gbọ́kàn lé, títí yóò fi gbóná dé ibi tí mo fẹ́. Màá tẹ́ bébà aláwọ̀ wúrà sórí awọ tó wà nínú bàtà, ní ibi tí gìgísẹ̀ máa ń tẹ̀, màá fi irin tẹ̀ ẹ́, màá ka ení, èjì, màá gbé e kúrò. Bí mo bá ṣí bébà yẹn, wúrà á ti dúró síbẹ̀ pé Ítálì ni wọ́n ti ṣe é. Bẹ́ẹ̀, Muṣin la wà, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan, gọ́tà ń ṣàn níwájú ilẹ̀kùn wa.

Àwa mẹ́ta la wà ní ṣọ́ọ̀bù náà. Ọ̀gá wa, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ló ń gé awọ. Bàbá là ń pè é. Ẹ̀gbọ́n kan ló ń fi ẹ̀rọ rán an. Èmi, tí wọ́n ń pè ní Ìyàwó, ni mo máa ń parí ẹ̀: màá tẹ òǹtẹ̀ sí i, màá nu gọ́ọ̀mù kúrò lára ẹ̀, màá kó o sí páálí. A ti pé márùn-ún tẹ́lẹ̀. Nígbà tí dọ́là gbówó lórí, tí sóòlù ìsàlẹ̀ bàtà àti gọ́ọ̀mù, tó jẹ́ pé òkè òkun náà ni wọ́n ti ń wá, wá di ọ̀wọ́n, Bàbá ní kí àwọn méjì lọ máa dúró sílé ná. Ó ní òun máa pè wọ́n padà. Ẹnu ìlérí yẹn ló wà ní gbogbo ìgbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí fi ń ṣẹlẹ̀.

Etí Bàbá ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́, nítorí náà gbogbo wa la máa ń gbọ́ ẹni tó bá pè é lórí fóònù. Àǹtí kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Gánà, tí a kó bàtà ránṣẹ́ sí, ló pè.

"Bàbá, ẹ káàsán, sà. Wọ́n ti dá ẹrù wa dúró ní ẹnubodè."

"Kí ló dé? Ìwé ò pé ni?"

"Ìwé pé, sà. Ìwé ní Nàìjíríà ni wọ́n ti ṣe é. Wọ́n wá tú páálí wò. Ítálì ló wà nínú bàtà. Gbogbo ọgọ́ta bàtà, Bàbá, Ítálì ló wà nínú wọn. Wọ́n ní èwo ni kí àwọn gbà gbọ́, ṣé ìwé ni tàbí bàtà. Wọ́n ń wò mí bí olè."

Bàbá ò wo fóònù. Ọwọ́ mi ló wò. Mo ṣì fi irin tẹ bàtà ọmọdé kan mọ́ itan, mo ti gbàgbé láti kà á, èéfín sì ti ń jáde lára awọ. Òórùn ẹ̀ ló jẹ́ kí n mọ̀ pé mo ti jó o.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀.

Àǹtí yìí wá kí ẹbí ẹ̀ ní Yábàá, ó ra sáńdà kan lọ́wọ́ ẹni tó ń pàtẹ ní ẹ̀gbẹ́ títì, ó wá ń bi èèyàn léèrè títí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Ó jókòó lórí àpótí tí mo fi ń kó bébà sí. Ó ní iṣẹ́ Bàbá mọ́, okùn rírán ẹ̀ gún, kò sì ń run gọ́ọ̀mù. Ó ní bí àkọ́kọ́ bá lọ láyọ̀, òun á máa gbà á lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Nǹkan kan ṣoṣo ló bẹ Bàbá.

"Ẹ má kọ Ítálì sí i, sà. Àwọn oníbàárà mi ò fẹ́ ti òyìnbó. Bàtà tí ọmọ Áfíríkà fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe ni wọ́n ń wá. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín ni kẹ́ ẹ kọ, kẹ́ ẹ kọ Nàìjíríà sí abẹ́ ẹ̀."

Bàbá rẹ́rìn-ín débi pé ó yọ awò ojú ẹ̀ nù. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ bó bá ń gé awọ. Á ní, "Kánò ni awọ yìí ti wá. Èyí tó dára jù nínú ẹ̀, òkè òkun ló ń lọ. Wọ́n á fi ṣe bàtà níbẹ̀, á padà wá bá wa bí àlejò, a ó sì máa du àga fún un." Á tún ní epo rọ̀bì ló bà wá jẹ́. Epo rọ̀bì dà bíi bàbá olówó tí kò jẹ́ kí ọmọ ẹ̀ kan kọ́ṣẹ́. Bàbá olówó náà ò tíì kú, ṣùgbọ́n owó ẹ̀ ò ká gbogbo ilé mọ́, àwọn ọmọ wá ń wo ọwọ́ ara wọn, wọn ò mọ ohun tí wọ́n lè fi í ṣe. Ẹ̀gbọ́n máa ń dá a lóhùn pé, "Bàbá, ẹ gé awọ yín, ẹ fi ìjọba sílẹ̀." Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Àǹtí yẹn lọ, Ẹ̀gbọ́n náà bá a rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni Bàbá fi ń lọ tó ń bọ̀ nítorí ìwé tó máa fi hàn pé Nàìjíríà ni wọ́n ti ṣe ọjà náà. Ìwé yẹn ló máa jẹ́ kó kọjá ní ẹnubodè láìjẹ́ pé wọ́n bu owó ọjà òkè òkun lé e. Ó gbé iṣẹ́ irin òǹtẹ̀ tuntun fún alágbẹ̀dẹ kan. Bó ṣe mú un dé, ó fi bébà ìwé ìròyìn wé e, ó gbé e lé mi lọ́wọ́ bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

"Ìyàwó, èyí ni kó o lò o. Irin àtijọ́ ò gbọdọ̀ kan ẹrù Gánà."

"Mo ti gbọ́, sà."

Mo gbọ́ lóòótọ́. Mi ò lè sọ pé mi ò gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ tí ẹrù fẹ́ lọ ni wọ́n pe Bàbá láti Iléṣà pé ara ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin ò yá. Ọkọ̀ tó ń lọ Gánà máa gbéra ní Jíbówú láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Bàbá ní kí n parí ẹ̀, kí Ẹ̀gbọ́n bá mi gbé e lọ. Ní Ọjọ́bọ̀, mo kó ọgọ́ta bàtà náà síwájú, mo gbé irin tuntun lé iná, mo dán an wò lórí awọ àjákù kan. Ó hàn dáadáa. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù wa wà lókè, Nàìjíríà wà nísàlẹ̀.

Mo wò ó, ojú sì tì mí.

Mi ò mọ bí màá ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹni tí kò dàgbà níbi tí mo dàgbà sí. Bí ìyá mi bá fẹ́ ra nǹkan ní Ọ̀yìngbò, á fọwọ́ pa á, inú ẹ̀ á dùn sí i, á wá bi oníṣọ́ọ̀bù pé, "Ṣé kì í ṣe ti ibí?" Bí wọ́n bá ní ti ibí ni, á fa ọwọ́ ẹ̀ padà bí ẹni tó fọwọ́ kan ohun gbígbóná. Èmi náà, nígbà tí mo bí ọmọ mi, ọkọ mi ra aṣọ ìkókó wálé, mo ní kó dá a padà torí ìlú Àbá ni wọ́n ti rán an. Ó lọ pààrọ̀ ẹ̀, ó mú èyí tó ní lébẹ́ẹ̀lì òyìnbó wá. Nígbà tí mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì ni lébẹ́ẹ̀lì yẹn já. Mo wo abẹ́ ẹ̀, mo rí i pé Àbá kan náà ni. Mi ò sọ fún un. Mo fi òwú rán lébẹ́ẹ̀lì náà padà síbẹ̀.

Ohun tó wà lọ́kàn mi lọ́jọ́ náà nìyẹn. Mo ní Àǹtí yẹn ò mọ̀ ni, àwọn tó lọ síwèé púpọ̀ máa ń sọ báyìí. Bí àwọn oníbàárà ẹ̀ bá wo inú bàtà, tí wọ́n rí Nàìjíríà, wọ́n á jù ú sílẹ̀, Bàbá á sì jókòó síbí pẹ̀lú irin tuntun ẹ̀ láìsí ẹni tó máa rà. Mo ní kí n ràn án lọ́wọ́. Ìfẹ́ ni mo fi ṣe é, ìyẹn ló ń dùn mí jù níbẹ̀. Mo gbé irin tuntun kúrò lórí iná. Mo gbé ti àtijọ́ lé e.

Ẹ̀gbọ́n wo ẹ̀yìn láti ìdí ẹ̀rọ ẹ̀.

"Ìyàwó, irin wo lo gbé yẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló fẹ́ ra bàtà Muṣin ní Gánà?"

"Bàbá ní..."

"Bàbá ti dàgbà. Bí ọjà bá tà, ṣé wọ́n á bínú ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó padà sí ìdí iṣẹ́ ẹ̀. "Ìwọ lo mọ̀. Èmi ò rí nǹkan kan o, okùn ni mò ń wò."

Mo tẹ gbogbo ọgọ́ta. Mi ò tíì tẹ òǹtẹ̀ tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Kò sí ọ̀kan tó wọ́.

Nítorí náà, nígbà tí Bàbá wo ọwọ́ mi lọ́jọ́ tí ìpè yẹn wọlé, mo mọ ohun tó ń wò. Àǹtí ṣì ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní òun ti sọ fún àwọn tí wọ́n jọ ní ṣọ́ọ̀bù náà pé òun rí aránbàtà olóòótọ́ kan ní Èkó. Ó ní, "Ta ló ṣe eléyìí, Bàbá? Ṣé ẹ gbàgbé ohun tá a jọ sọ ni?"

Mo la ẹnu. Mo fẹ́ sọ ọ́. Mo tún pa ẹnu dé, mo gbé irin kúrò lórí bàtà tó ti jó. Bàbá dúró díẹ̀, bí ẹni tó fún mi láyè. Lẹ́yìn náà ó gbé fóònù súnmọ́ ẹnu.

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Èmi ni mo ṣe é. Ṣọ́ọ̀bù mi ni, irin mi ni."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ó mú sísọ́ọ̀sì ẹ̀, ó ń gé awọ lọ. Nígbà tí a fẹ́ ṣíwọ́, tí mo ń fi omi pa iná, Ẹ̀gbọ́n ní: "Ìyàwó Ítálì, ó dàárọ̀ o." Mo mọ̀ pé ó fẹ́ kí n rẹ́rìn-ín ni. Mi ò lè rín in.

Wọ́n dá ẹrù náà padà. Èmi àti Bàbá la lọ gbà á ní Jíbówú. Páálí ti fà ya, wọ́n ti fi okùn mìíràn dì í. Ọkùnrin tó ń gbé ẹrù sọ̀kalẹ̀ ti rí inú ẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ń kó bàtà Ítálì wọ̀lú? Ẹ fi ọ̀kan ta mí lọ́rẹ, inú ìyàwó mi á dùn sí mi lónìí." Àwọn tó dúró ti ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín àgbàlagbà tí kò fẹ́ ba ọjọ́ ẹni jẹ́. Mo gbé páálí kan lé orí, mo dúpẹ́ pé ó bo ojú mi.

Nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tá a wọ̀ padà ni mo ti sọ ọ́. Mi ò lè kúnlẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, páálí kún gbogbo ẹsẹ̀ wa, mo kàn tẹrí ba lé e.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, sà. Èmi ni mo gbé irin àtijọ́ lé iná. Ẹ kìlọ̀ fún mi. Mo rò pé wọn ò ní rà á."

"Mo mọ̀."

"Ẹ sọ fún Àǹtí pé ẹ̀yin ni."

"Ìyàwó, irin àtijọ́ yẹn, ta ló ní kí wọ́n rọ ọ́?"

Mo gbójú sókè wò ó.

"Èmi ni. Ó ti pẹ́. Ẹni tó ń kó bàtà lọ́wọ́ mi ní Ọ̀yìngbò ló ní láìsí Ítálì òun ò kó o mọ́. Mo ní ẹ̀ẹ̀kan ni. Ọjọ́ tó o dé ṣọ́ọ̀bù, èmi ni mo mú ọ lọ́wọ́, tí mo fi bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ hàn ọ́. Kí wá ni mo fẹ́ bá ọ jà sí?"

Ì bá sàn kó bá mi jà. Mo rò pé bí mo bá sọ ọ́ tán, ara mi á fúyẹ́. Kò fúyẹ́.

Àǹtí pè lẹ́yìn náà. Ohùn ẹ̀ ti rọ̀. Ó ní òun gba Bàbá gbọ́, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n jọ ní ṣọ́ọ̀bù náà ò gba òun gbọ́ mọ́, wọ́n ti rí àwọn aránbàtà kan ní Gánà níbẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n máa ti máa gbà á. Bàbá ní kó má ṣèyọnu. Ó ní kó kí àwọn aránbàtà náà fún òun. Àwọn méjì tó ń dúró sílé ṣì ń dúró. Ọ̀kan nínú wọn ti ń wa kẹ̀kẹ́. Nígbà mìíràn ó máa ń gbé mi láti ojú títì dé ṣọ́ọ̀bù, kì í gbowó lọ́wọ́ mi. Kò mọ ohun tí mo ṣe.

Ọgọ́ta bàtà náà, Ọ̀yìngbò la kó wọn lọ. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù kan gbé ọ̀kan, ó yí i, ó wo inú, ojú ẹ̀ sì tàn.

"Hẹn-ẹn. Èyí ni ojúlówó. Bàbá, ibo lẹ ti rí èyí?"

"Muṣin," Bàbá dáhùn. "Èmi ni mo gé e. Ìyàwó yìí ló parí ẹ̀."

Ìyá náà wo èmi, ó wo Bàbá, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà yìí, ẹ ò fẹ́ kí n mọ ẹni tó ń kó o wọlé fún yín. Ó dáa." Ó kó gbogbo ẹ̀. Bàbá tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì pé Muṣin ni. Ìyá náà ní, "Mo ti gbọ́, sà," bí mo ṣe sọ ọ́ fún Bàbá lọ́jọ́ tó gbé irin tuntun fún mi gẹ́lẹ́.

Irin méjèèjì ló ṣì wà lórí tábìlì mi báyìí. Bàbá ní kí n máa tẹ tuntun sí ti ẹnikẹ́ni tó bá wá sí ṣọ́ọ̀bù fúnra ẹ̀, àwọn kan sì ti ń fẹ́ ẹ. Ti Ọ̀yìngbò, a ò tíì lè fi Ítálì sílẹ̀ níbẹ̀. Ìdajì ohun tá a ń jẹ ló ń ti ibẹ̀ wá. Mi ò ní parọ́ nípa ìyẹn náà.

Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún mẹ́jọ. Ní ọ̀sẹ̀ tá a ta bàtà náà, ó mú iṣẹ́ ilé dé: kí wọ́n kọ nǹkan márùn-ún tí Nàìjíríà ń ṣe. Ó dojú bolẹ̀ lórí ẹní, ó ń fi pẹ́ńsù gbá eyín. Ó ti kọ epo rọ̀bì. Ó ti kọ kòkó. Ó dúró.

"Mọ́mì, kí la tún ń ṣe?"

"Rò ó."

"Mo ti rò ó. Tíṣà wa ní epo rọ̀bì ló pọ̀ jù." Ó yí pẹ́ńsù lórí bébà. "Ṣé ká kọ epo rọ̀bì lẹ́ẹ̀mejì?"

Sáńdà ilé ìwé ẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Awọ tó ṣẹ́ kù ní ṣọ́ọ̀bù ni Bàbá fi gé e fún un, Ẹ̀gbọ́n rán an, èmi ni mo tẹ Ítálì sí i kó lè dà bíi ti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Ó ti fi yangàn ní kíláàsì. Mo mọ̀, torí ìyá ọmọ kan ti bi mí lẹ́nu géètì ibi tí mo ti rà á, mo sì ní ẹnì kan ló bá mi mú un wá.

Mo gbé sáńdà náà, mo jókòó tì í lórí ẹní.

"Kọ bàtà," ni mo wí.

"Ítálì ni wọ́n ti ń ṣe bàtà, Mọ́mì. Ó wà níbẹ̀."

"Muṣin ni wọ́n ti ṣe èyí. Bàbá ṣọ́ọ̀bù ló gé e. Èmi ni mo kọ ohun tó wà nínú ẹ̀."

Ó gba bàtà náà, ó fi ìka tọ lẹ́tà wúrà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. "Ẹ parọ́ sí i?"

"Mo parọ́ sí i."

"Kí ló dé?"

"Ojú ń tì mí pé àwa la ṣe é."

Ó rò ó díẹ̀. Ó ní, "Ṣùgbọ́n ó dára." Mi ò mọ èwo ló dùn mí jù, ṣé pé mo parọ́ ni tàbí pé ó dára. Lẹ́yìn náà ó bi mí ohun tí mo ti ń bẹ̀rù láti ìgbà tí mo ti jókòó: "Mo ti sọ fún wọn ní kíláàsì pé Ítálì ni. Kí ni kí n wá sọ?"

Mo ní, "Kọ bàtà, kó o kọ Muṣin sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, bọ́ ọ, kí wọ́n wo bí okùn ẹ̀ ṣe gún. Bí wọ́n bá rí Ítálì nínú ẹ̀, sọ fún wọn pé màmá ẹ ló kọ ọ́, àti pé ojú ń tì í. Kì í ṣe ìwọ lojú gbọ́dọ̀ tì."